Isidore de Souza

Isidore de Souza (1934 – 13 Oṣù Kẹta 1999) jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ìjọ Kátólíìkì ní Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Òun ni ó darí Àpérò Gbogboogbò tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ṣe láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 Oṣù Kejì ọdún 1990. Àpérò yìí ni ó fi òpin sí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ní Benin láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, de Souza di ààrẹ Ìgbìmọ̀ Gíga ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira, ìgbìmọ̀ tí ó ṣe iṣẹ́ ilé aṣòfin títí di ìgbà tí àwọn ará ìlú dìbò yan ìjọba tuntun ní ọdún 1991.

Ìdílé àti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àlùfáà

Ìlú Ouidah tí ó wà ní etíkun, ní ìwọ̀-oòrùn Kútọnu, ni a bí Isidore de Souza sí. Ìdílé de Souza jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí ó tóbi jù lọ ní ìlú náà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tí a bí ní Brasil, tí ó jẹ oyè Chacha ní àkókò Ọba Ghezo ti Dàhòmì, tí ó sì kú sí Ouidah ní ọdún 1849. Ọ̀gágun Paul-Émile de Souza, tí ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ ológun tí ó ṣàkóso Dàhòmì láti ìparí ọdún 1969 sí ọdún 1970, náà jáde láti inú ìdílé yìí.

Àwọn ìdílé tí ó wá, tàbí tí ó padà, láti Brasil sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni àwọn Yorùbá ń pè ní Àgùdà. Ẹ̀sìn Kátólíìkì ni púpọ̀ nínú wọn mú bọ̀. Nítorí náà ni orúkọ wọn ṣe di orúkọ ìjọ náà fúnra rẹ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá, tí a fi ń pe Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà títí di òní.

Ní ọdún 1962 ni de Souza di àlùfáà. Ní ọdún 1981, Póòpù John Paul Kejì yàn án ní bíṣọ́ọ̀bù àgbà olùrànlọ́wọ́ tí yóò jogún ipò ní Kútọnu. Ìtumọ̀ èyí ni pé yóò máa ran bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí ó wà lórí àga, Christophe Adimou, lọ́wọ́, yóò sì gorí àga náà láìsí ìyànsípò mìíràn nígbà tí ó bá ṣófo. Adimou ni ó gba ipò lọ́wọ́ Bernardin Gantin ní ọdún 1971, nígbà tí wọ́n pe Gantin lọ sí Róòmù, níbi tí ó ti di kádínà. Ipò olùrànlọ́wọ́ yìí ni de Souza ṣì wà nígbà tí àpérò ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa àpérò náà a máa pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kútọnu.

Benin kí àpérò tó wáyé

Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá ọdún 1972 ni Mathieu Kérékou, tí ó jẹ́ ọmọ ogun, fi ipá gba ìjọba Dàhòmì. Ní ọdún 1974 ó kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìjọba òun yóò máa tẹ̀ lé. Ní ọdún kejì rẹ̀ ó yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà sí Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àwọn Ará Ìlú ti Benin, ó sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo tí òfin fọwọ́ sí sílẹ̀. Ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Àwọn àlùfáà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìfìyàjẹni: ọ̀pọ̀ ọdún ni Alphonse Quenum, tí ó jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, fi wà lẹ́wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kọ́kọ́ mi ìjọba náà títí dé ìpìlẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1989, àwọn báńkì mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ìjọba ti dojú dé, owó àwọn tí ó fi síbẹ̀ sì há. Oṣù ń gorí oṣù láìjẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó iṣẹ́ wọn. Àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ka ọdún ẹ̀kọ́ náà sí asán.

Ní àkókò Lẹ́ńtì ọdún 1989, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Benin kọ ìwé sí àwọn ọmọ ìjọ. Àkọlé rẹ̀ lédè Faransé túmọ̀ sí pé kí àwọn ènìyàn yí padà, Benin yóò sì yè. Lẹ́tà ìjọ ni, ó sì fara jọ ìwàásù Lẹ́ńtì tí a ń gbọ́ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí kò sí ẹgbẹ́ alátakò, tí ìjọba sì ń ṣọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ, lẹ́tà tí ó sọ pé ìlú ń kú lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Nínú Oṣù Kejìlá ọdún náà, Kérékou àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti pa ẹ̀kọ́ Marx tì, àwọn yóò sì pe gbogbo ọmọ ìlú sí àpérò.

Àpérò Gbogboogbò

Ilé ìtura PLM Alédjo ní Kútọnu ni wọ́n ti ṣe àpérò náà. Àwọn aṣojú tí ó péjọ jẹ́ 488. Àwọn ológun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi àti àwọn tí ó ti lọ sí ìgbèkùn wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ti jẹ ààrẹ rí, tí Kérékou àti àwọn ológun mìíràn lé kúrò lórí àga, náà wá jókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó lé wọn.

De Souza ni àwọn aṣojú yàn láti ṣe alága. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Olóṣèlú tí ó bá jókòó sí àga náà yóò ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ti wá àti ipò tí ó ń dù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyapa àríwá àti gúúsù ti ba òṣèlú Dàhòmì jẹ́ láti ìgbà òmìnira. Òfin Ìjọ Kátólíìkì kò gba àlùfáà láàyè láti di ipò agbára ìjọba mú, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé bíṣọ́ọ̀bù ń wá àga ààrẹ. Ó tún jẹ́ ẹni tí Kérékou lè bá sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ojú tì í.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ní àpérò náà ni ọ̀rọ̀ agbára. Ohun tí ìjọba ní lọ́kàn ni pé kí àwọn aṣojú fún òun ní ìmọ̀ràn, kí òun sì mú èyí tí ó bá wù ú níbẹ̀. Àwọn aṣojú kò gbà. Wọ́n pinnu pé àpérò náà ni ó ní àṣẹ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè, àti pé ohunkóhun tí àwọn bá fẹnu kò lé lórí di dandan fún gbogbo ènìyàn, títí kan ààrẹ. Inú àwọn ológun kan kò dùn sí èyí rárá, ìbẹ̀rù sì wà pé wọ́n lè tú ìpàdé náà ká pẹ̀lú ìbọn. Iṣẹ́ alága ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni láti má ṣe jẹ́ kí àwọn aṣojú sọ ọ̀rọ̀ tí yóò lé Kérékou sí ẹ̀yìn ògiri, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù débi pé wọn yóò gba ohun tí wọ́n ti pinnu padà.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbé àpérò náà sáfẹ́fẹ́, àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ojú abẹ níkòó nípa ìjọba fún ọdún mẹ́tàdínlógún sì ń gbọ́ ọ nínú ilé wọn. Ojú gbogbo ayé yìí náà ni Kérékou ti kọjú sí de Souza, tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe ìjọba rẹ̀, tí ó sì tọrọ ìdáríjì. Àwọn onímọ̀ òṣèlú ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n olóṣèlú tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe, nítorí pé ìjẹ́wọ́ náà wà lára ohun tí ó yọ ọ́ nínú ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀la, tí ó sì jẹ́ kí ó lè padà sí òṣèlú. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ènìyàn agbègbè yìí ti ń parí ìjà yóò mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ̀bi kì í ṣàdédé lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀. Ó nílò àgbà tí yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì fọkàn tán. Ipò àgbà yìí ni bíṣọ́ọ̀bù náà dì mú ní ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 28 Oṣù Kejì, Kérékou gba gbogbo ìpinnu àpérò náà. Wọ́n fi òfin ìpìlẹ̀ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tú ilé aṣòfin ká, wọ́n sì yan Nicéphore Soglo, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, ní olórí ìjọba. Kérékou ṣì wà ní ipò ààrẹ, ṣùgbọ́n agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè padà di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin.

Ìgbìmọ̀ Gíga

De Souza ni wọ́n tún fi ṣe ààrẹ Ìgbìmọ̀ Gíga tí yóò máa ṣọ́ ìjọba ìgbà díẹ̀ náà. Àwọn ààrẹ àtijọ́ bí Hubert Maga, Justin Ahomadégbé àti Émile Derlin Zinsou wà lára àwọn tí ó jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó tóbi jù tí ìgbìmọ̀ náà ṣe ni òfin ìpìlẹ̀ tuntun, tí àwọn ará ìlú dìbò fọwọ́ sí ní ọjọ́ 2 Oṣù Kejìlá ọdún 1990. Òfin náà sọ pé ẹni tí yóò dupò ààrẹ kò gbọdọ̀ kéré sí ẹni ogójì ọdún, kò sì gbọdọ̀ ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Èyí ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ààrẹ àtijọ́ náà, tí wọ́n sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó gbé òfin náà jáde. Òfin yìí ni Benin ṣì ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí i láti ìgbà náà wá.

Ìdìbò ààrẹ wáyé ní Oṣù Kẹta ọdún 1991. Soglo fẹ̀yìn Kérékou gbálẹ̀ ní ìpele kejì, Kérékou sì gbé ìjọba sílẹ̀ fún un. Kò tíì sí ààrẹ orílẹ̀-èdè kankan lórí ilẹ̀ Áfíríkà gangan, láìka àwọn erékùṣù, tí ìbò ti lé kúrò lórí àga bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, ní 1996, ìbò kan náà ni ó dá Kérékou padà, Soglo sì lọ. Títí tí wọ́n fi dá Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1993, Ìgbìmọ̀ Gíga ni ó ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, de Souza padà sí iṣẹ́ ìjọ, kò sì wá ipò òṣèlú kankan.

Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kútọnu

Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kejìlá ọdún 1990, nígbà tí Adimou fẹ̀yìn tì, de Souza di bíṣọ́ọ̀bù àgbà. Òun ni ó wà lórí àga nígbà tí Póòpù John Paul Kejì bẹ Benin wò lẹ́ẹ̀kejì ní Oṣù Kejì ọdún 1993. Lára ohun tí póòpù ṣe ní Kútọnu ni pé ó pàdé àwọn aṣáájú ẹ̀sìn Vodun, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Vodun ni ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí ó gbòòrò ní gúúsù Benin, ó sì fara kọ́ra pẹ̀lú ẹ̀sìn òrìṣà Yorùbá ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà: Gu àti Ògún, Lẹgba àti Èṣù, Fá àti Ifá. Ìjọba Kérékou ti gbógun ti àwọn ẹlẹ́sìn yìí ní ọdún 1970 sí i, àwọn ìjọ kò sì fi gbogbo ìgbà rẹ́ pẹ̀lú wọn. Nítorí náà ìpàdé náà kì í ṣe ohun kékeré ní ìlú tí ọmọ ìjọ àti ọmọ awo ti lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

De Souza kú ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹta ọdún 1999. Nestor Assogba, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Parakou, ni ó gba ipò rẹ̀ ní ọdún náà.

Àpérò ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Láàárín ọdún méjì, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ń sọ èdè Faransé pe irú àpérò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi bíṣọ́ọ̀bù ṣe alága: Basile Mvé ní Gabon, Ernest Kombo ní Congo-Brazzaville, Laurent Monsengwo ní Zaire, àti Philippe Kpodzro ní Togo. Kò sí èyí tí ó yọrí sí rere bíi ti Benin. Ní Togo, tí ó múlé gbe Benin, àpérò ọdún 1991 náà sọ pé òun ni ó ní àṣẹ tí ó ga jù, ó sì yan Joseph Kokou Koffigoh ní olórí ìjọba. Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ọmọ ogun fi ọkọ̀ ogun kọlu ọ́fíìsì Koffigoh ní Lomé, wọ́n sì mú un. Eyadéma wà lórí àga títí ó fi kú ní ọdún 2005.