Àjẹìwẹ̀yìn Lórí Adágún Òkè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.” Ìdí abọ́ oúnjẹ lòwe yìí ti ṣẹ̀. Nílé Yorùbá, bí bàbá bá ń jẹun, yóò ṣẹ́ ẹja kù sídìí abọ́, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ tí yóò wá palẹ̀ mọ́ ń retí. Bàbá tó bá jẹ ẹ́ tán pátápátá, tó tún lá ọbẹ̀ mọ́ ọn, òun náà ni yóò gbé abọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ tó gbé òwe náà ró ni “ẹ̀yìn”. Bí a bá tú àjẹìwẹ̀yìn palẹ̀, àjẹ-àì-wo-ẹ̀yìn ni: kéèyàn máa jẹ láìbojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn méjì ni Yorùbá ní. Bí a bá gbàdúrà pé kí ẹ̀yìn wa dára, àwọn ọmọ tí yóò kù lẹ́yìn wa là ń wí. Bí a bá sì ní kéèyàn bojú wẹ̀yìn, ibi tó ti ń bọ̀ là ń wí, àti àwọn tó bá níbẹ̀. Ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rántí bí a bá pa òwe yìí. Ìtàn ẹja pípa lórí òkè Sierra Nevada, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ló là mí lójú pé méjèèjì ló ń bi wá.

Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti ń yọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa wakọ̀ gòkè lọ sí àwọn adágún tó wà nítòsí ìlú Bishop àti Mammoth Lakes. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹrin ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣí fún ẹja pípa. Adágún Sabrina ga ju mítà 2,700 lọ; nígbà mìíràn, yìnyín ṣì máa ń bo ojú omi rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Níbẹ̀ ni bàbá àgbà ti ń kọ́ ọmọ-ọmọ bí a ṣe ń fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, àti bí a ṣe ń ní sùúrù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò nílò ìwé àṣẹ. Òfin gbogbogbòò sì ni pé ẹja trout márùn-ún ni ẹnì kan lè mú lóòjọ́. Òfin yẹn ni ẹja ìdí abọ́: ohun tí bàbá kò pa lónìí ni ọmọ yóò bá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló kó ẹja débẹ̀? Òkìtì yìnyín ayé àtijọ́ ló gbẹ́ àwọn adágún náà, omi tó ń já láti orí àpáta kò sì jẹ́ kí ẹja lè wẹ̀ dé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èèyàn ló gbé e gòkè. Ní 1876, Sherman Stevens, tó ní ilé iṣẹ́ ìlagi, fi ìkòkò tí wọ́n fi ń se kọfí gbé golden trout, ẹja aláwọ̀ wúrà, láti odò Mulkey lọ sí odò Cottonwood tí kò lẹ́ja. Ní 1891, wọ́n gbé irú ẹja náà dé Cottonwood Lakes lókè. Ìbaaka ru ẹja lọ sí àwọn adágún mìíràn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfurufú ń da ọmọ ẹja sómi láti ojú ọ̀run. Àwọn àgbà wọ̀nyí ro ti ọmọ wọn, mo sì gbóríyìn fún wọn.

Ẹ̀yìn kejì ni wọn ò wò. Àkèré kan tí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè ló ti ń gbé inú omi náà. Ọmọ rẹ̀ onírù lè lo ọdún méjì sí mẹ́rin kó tó di àkèré, nítorí náà adágún jíjìn tí kì í dì dé ìsàlẹ̀ ló lè tọ́ ọ. Adágún kan náà ni trout fẹ́, trout sì ń jẹ ẹ́. Àrùn awọ kan tún wá kún un. Ní 2014, ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ àkèré náà mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun.

Láti 2001 ni àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ìjọba Sequoia àti Kings Canyon ti ń pọn àwọ̀n sẹ́yìn gòkè lọ sí àwọn adágún tí wọ́n yàn, kí wọ́n lè kó trout kúrò. Onímọ̀ Roland Knapp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé níbi tí ẹja ti kúrò, àkèré a tún máa pọ̀ sí i. Adágún tó kù fún ìdílé ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ.

Òwe ní àgbà fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀. Lórí òkè yìí, àgbà ti lọ, igbá sì kù nílẹ̀. Àwọ̀n tó wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, igbá àgbà ni: ọmọ ló ń bá a rù ú délé.