Kànìnkànìn Sísun, Iyọ̀ Ọbẹ̀ àti Gẹ̀gẹ̀

Bí a bá dárúkọ gẹ̀gẹ̀ ní Ìjoun tàbí ní Ayétòrò, ọrùn tó wú ni gbogbo ènìyàn ń rò. Táírọ́ìdì ló ń wú bẹ́ẹ̀, ohun kékeré tó rí bíi labalábá, tó lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀nà ọ̀fun. Òun ló ń pèsè èròjà tó ń mú ara ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí èyí tó ń pèsè kò bá tó, òtútù á máa mú ènìyàn láàárín ooru, àárẹ̀ ò ní lọ, ìgbẹ́ á le, awọ ara á gbẹ, nǹkan oṣù obìnrin á sì dàrú. Ọrùn ẹlòmíràn lè má wú rárá. Irú wọn làwọn ènìyàn máa ń pè ní ọ̀lẹ, ó sì máa ń dùn mí, nítorí àìsàn ló ń ṣe wọ́n.

Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti ń sun kànìnkànìn inú òkun láti fi wo gẹ̀gẹ̀, láìmọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní 1811, Bernard Courtois, ará Faransé, rí áyódíìnì, èròjà tí táírọ́ìdì ń lò, nínú eérú ewé òkun; òun náà ló wà nínú kànìnkànìn. Ní 1820, Jean-François Coindet ní ìlú Geneva fi áyódíìnì yìí fún àwọn onígẹ̀gẹ̀, gẹ̀gẹ̀ wọn sì ń fà.

Samuel Hahnemann, oníṣègùn ará Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn. Òun ló dá họmiópátì sílẹ̀, tó gbà pé ohun tó ń fa àìsàn fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ni yóò wo aláìsàn. Kànìnkànìn sísun kan náà wà lára oògùn àwọn oníhọmiópátì, Spongia tosta ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kán kan ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀kán 99 omi tàbí ọtí, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á tún mú ẹ̀kán kan nínú ìyẹn sínú 99 mìíràn. Bó bá ti kọjá ìgbà 12, kò dájú pé kànìnkànìn kankan ṣì kù níbẹ̀. Ìgbà 30 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà. Áyódíìnì tó ń wo gẹ̀gẹ̀ gan-an ni wọ́n là dànù. Ní 2015, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn Ọsirélíà yẹ iṣẹ́ wọn wò, kò sì rí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé wà pé họmiópátì ń wò.

Ní 1891, oníṣègùn George Murray fi omi táírọ́ìdì àgùntàn gún obìnrin kan tí táírọ́ìdì tirẹ̀ ti kú lábẹ́rẹ́ ní Newcastle, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 28 ni obìnrin náà tún lò láyé. Levothyroxine, hóró kékeré tí aláìsàn ń gbé mì láràárọ̀ kó tó jẹun, ló gba ipò àgùntàn lónìí.

Nílé wa ńkọ́? Iyọ̀ tí àwọn obìnrin etí òkun Grand-Popo, lórílẹ̀-èdè Benin, ń sè látijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní áyódíìnì. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti ń fi í sínú iyọ̀. Ẹ̀gẹ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: májèlé inú rẹ̀ máa ń dínà áyódíìnì lára ẹni tí kò rí i jẹ tó. Ní 1967, O. L. Ekpechi kọ̀wé lórí gẹ̀gẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí láfún àti gàrí kan dáadáa, ẹ̀yin ará Yewa. Iyọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ti fi áyódíìnì sí ni kí ẹ rà, kí ẹ dé e, kí oòrùn má pa á. Aláboyún ni mo ń bẹ̀ jù, torí ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ló ń jìyà bí áyódíìnì bá wọ́n.

Iyọ̀ nìkan kò tó fún gbogbo ènìyàn. Ní 1912, Hakaru Hashimoto ní Japan ṣàpèjúwe irú àìsàn táírọ́ìdì tí ara ẹni fúnra rẹ̀ ń bá táírọ́ìdì jà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TSH ló ń fi hàn bóyá táírọ́ìdì ti rẹ̀.