Àkọsílẹ̀ Tí Ó Ń Pinnu Ọjọ́ Ikú Kọ̀ǹpútà

Láti Computer Village ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tókúnbọ̀ ti ń tàn ká Èkó, títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní Ìkátẹ̀ Ẹlẹ́gùṣì, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ tí irin inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń kú. Ó tún lè kú ní ọjọ́ tí wọ́n bá yọ irú ọpọlọ rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀ kan lókè òkun.

Ní 1993 ni Ian Murdock dá Debian sílẹ̀, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ irú ti Intel ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ní 1998, ọpọlọ Motorola 68000 dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi di 2002, irú ọpọlọ ti di 11. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wúwo. Ọpọlọ kan kì í gbọ́ èdè èkejì, nítorí náà, ètò kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti ṣe lọ́tọ̀ fún irú ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, àkọsílẹ̀ sì ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀nà: ẹ̀dà wo, ọpọlọ wo, yàrá iṣẹ́ wo? Yàrá iṣẹ́ yìí jẹ́ àpò fáìlì kan tí wọ́n ń tú ní ọ̀tun nígbàkúùgbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ìdọ̀tí àná má baà ran tòní. Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ ní agbègbè Lẹ́kí rí yóò tètè lóye rẹ̀: bí ìwé bá ṣì, ilé tí ó dára lè wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ní 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde láti ara Debian. Nínú Launchpad, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ètò Ubuntu, ẹ̀dà àti ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2019, ilé iṣẹ́ Canonical kéde pé òun yóò yọ ọpọlọ Intel 32-bit kúrò. Valve, tí ó ni Steam, ojà eré orí kọ̀ǹpútà, fárí gá. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, Canonical gbà láti dá àwọn ètò díẹ̀ tí eré nílò sí. Ìyẹn kò gba ẹ̀rọ àtijọ́ là. Ẹni tí ń lo tókúnbọ̀ kò ní agbẹnusọ bíi Valve, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni pé ìtọ́jú ọpọlọ àtijọ́ ń gba àkókò àti agbára.

Debian náà tẹ̀lé e. Nígbà tí Debian 13 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ 2025, kò ní ohun tí a lè fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà Intel 32-bit mọ́. Debian 12 ni ẹ̀dà ìkẹyìn tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbà.