Iye Owó Àwòrán Ojú: Ìtàn Iṣẹ́ Fọ́tò láti Èkó dé Ifọ̀, Ìbàfò àti Mòwé

Ìfáàrà

Nínú àlàyé tí Babatúndé Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, ó fi hàn pé ohun tí à ń wò láti fi rántí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìrántí bá sì di ohun tí à ń rà lọ́jà, dandan ni kí ó ní iye. Kí wá ni owó náà ń rà? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bébà tí ojú àwọn wà lára rẹ̀ ni àwọn ń sanwó fún. Nítorí náà, nígbà tí fóònù ti sọ tọmọdé tàgbà di ayafọ́tò, ẹnu ń yà wọ́n pé oníṣẹ́ fọ́tò ṣì ń gbowó. Ìtàn iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Yorùbá fi hàn pé ohun mẹ́ta ni owó fọ́tò ń rà: èkíní ni èlò, èkejì ni ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, ẹ̀kẹta sì ni ìpamọ́. Bí ayé ti ń yí ni ẹrù owó náà ń sún láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Nígbà tí Èlò Wọ́n

Ní ọdún 1839 ni a kéde ọgbọ́n Louis Daguerre ní ìlú Paris. Àwo bàbà tí a fi fàdákà bò ni ó ń lò. Àwo kan, àwòrán kan ni, kò sì ní ẹ̀dà. Ọlọ́rọ̀ nìkan ni apá rẹ̀ ká irú èyí. Ní 1841, Fox Talbot, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tirẹ̀, tí a fi lè tẹ ẹ̀dà púpọ̀ láti ara ẹyọ kan. Ní 1854, Disdéri gba àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé láti máa ya àwòrán kéékèèké púpọ̀ sórí àwo kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni owó ẹyọ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí kiri. Wọn a bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí ìlú kan, wọn a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì kọjá sí òmíràn. Nígbà tí ó di 1896, N. Walwin Holm, tí a bí ní Accra, fìdí iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí Èkó. Òkè òkun ni gíláàsì, bébà àti kẹ́míkà ti ń wá, nítorí náà àwọn oníṣòwò, àlùfáà, agbẹjọ́rò àti àwọn ọba ni ó kọ́kọ́ ya fọ́tò. Tálákà tí ó bá kú nígbà náà, ojú rẹ̀ a bá a lọ.

Ní 1901 ni a ṣí ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn. Ifọ̀ wà lójú ọ̀nà náà, níbẹ̀ sì ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìdógò ti yà nígbà tí ó yá. Ará Ifọ̀ tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò nígbà náà lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó tàbí Abẹ́òkúta. Owó ọkọ̀ àti ọjọ́ oko tí ó fi ṣòfò jẹ́ ara owó fọ́tò rẹ̀, bí oníṣẹ́ kò tilẹ̀ kà á mọ́ ọn.

Nígbà tí Ọwọ́ Gba Ipò Èlò

Ní ọdún 1900, ilé iṣẹ́ Kodak gbé kámẹ́rà Brownie jáde ní dọ́là kan ní Amẹ́ríkà, ṣílè márùn-ún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, kámẹ́rà kì í ṣe ohun àràmàǹdà mọ́. Irú Brownie bẹ́ẹ̀ ni J. D. 'Okhai Ojeikere rà ní 1950, kí ó tó di òṣìṣẹ́ yàrá òkùnkùn ní Ìbàdàn ní 1954.

Kì í ṣe kámẹ́rà ni ó ń sọ ènìyàn di oníṣẹ́, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni. Solomon Osagie Alonge, tí ó di ayafọ́tò ààfin Ọba Benin, Èkó ni ó ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Albert Awobode. Ọmọ iṣẹ́ a máa kọ́ bí a ti ń to iná, bí a ti ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn, àti bí a ti ń fi pẹ́ńsù wẹ́wẹ́ tún ojú ṣe. Oníbàárà a jókòó ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òun bá dìde ni.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí iṣẹ́ yìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978. Ó ṣàlàyé bí àgbàlagbà ti ń jókòó pẹ̀lú agbádá tàbí aṣọ òkè rẹ̀, tí yóò kọjú sí kámẹ́rà gbọọrọ, tí yóò gbé ọwọ́ lé itan. Ó tún sọ nípa àwòrán ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí a tó ya fọ́tò wọn, a ó ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè dà bí ẹni pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí takọtabo ni wọ́n, a ó wọ aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin fún ẹyọ ọmọ náà ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Kò sí ìyá tí yóò wò ó pé bébà ni òun rà níbẹ̀.

Owó Ẹnìkan àti Owó Àgbájọ

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tí ó wọ àǹkóò àti kíláàsì tí ó fẹ́ jáde mọ èyí nígbà tí wọ́n bá dá owó fọ́tò jọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀: kí ogún ènìyàn dúró pọ̀ nínú àwòrán kan, àti kí a ya ogún ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ ìṣirò nìkan nìyí. Kí a sọ pé gbígbé èlò dé àti títo iná jẹ́ náírà 6, yíyà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ náírà 4, ẹ̀dà kan sì jẹ́ náírà 1. Ẹnìkan yóò san náírà 11. Ogún ènìyàn tí wọ́n dúró pọ̀ yóò san 6, àti 4, àti 20, èyí tí ó jẹ́ náírà 30. Náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ó kan olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n bí a bá ya ogún òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títo iná nìkan ni wọn yóò jọ pín. Owó wọn yóò jẹ́ náírà 106. Náírà márùn-ún àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni ó kan ẹnìkan. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn láàárín ilé iṣẹ́ àti ayafọ́tò ń wáyé nítorí pé iye ti àkọ́kọ́ ni oníbàárà ní lọ́kàn, tí ó sì jẹ́ iṣẹ́ ti èkejì ni ó ń béèrè.

Ìbàfò, Mòwé àti Ayé Òde Òní

Ní 1978 ni a ṣí ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí Èkó ti ń kún, ni àwọn ènìyàn ń ya wọ Ìbàfò àti Mòwé. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ilé iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Ọdún 1978 náà ni a dá àjọ JAMB sílẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò, ti ìgbanisíṣẹ́ àti ti báńkì sọ fọ́tò pásípọ́ọ̀tù di ọ̀ranyàn. Kámẹ́rà Polaroid, tí ń pọ àwòrán jáde lójú ẹsẹ̀, bá àìní yìí mu. Ó yá, ṣùgbọ́n kò fi fíìmù sílẹ̀ fún ìtúntẹ̀. Ní 2008 ni ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ fíìmù rẹ̀ dúró. Lónìí, kámẹ́rà tí ó so mọ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ya ojú olùdíje JAMB níbi ìforúkọsílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Èlò ti rọ̀, ọwọ́ ti pọ̀. Ìpamọ́ ni ó wá wọ́n jù lọ. Ayafọ́tò àtijọ́ a máa kó fíìmù pamọ́ sínú àpótí, kí ẹbí lè padà wá tẹ òmíràn nígbà tí òkú bá sùn. Àwọn fíìmù Alonge wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà, a sì pàtẹ wọn ní 2014. Ọ̀pọ̀ àpótí mìíràn ni a ti dà nù nígbà tí ọlọ́jà kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán inú fóònù pẹ̀lú ń bá fóònù tí ó bá sọnù lọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò, ìbáà ṣe òun nìkan tàbí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó béèrè iye ẹ̀dà tí owó rẹ̀ kó, kí ó béèrè ẹni tí yóò tọ́jú èyí tí ẹ̀dà ti jáde, kí ó sì béèrè fún ọdún mélòó. Bí kò bá sí ìdáhùn sí èyí tí ó kẹ́yìn, bébà nìkan ni ó rà.