Ẹ̀yìnkùlé Ni Résìn Ti Jáde: Ìtàn Iṣẹ́ Dídà Nínú Ilé



Bí ẹ bá ń wo fídíò lórí fóònù lásìkò yìí, ẹ ó ti rí wọn: àwọn ọ̀dọ́ tó ń da résìn nínú yàrá tàbí ní ẹ̀yìnkùlé. Wọn a po omi inú ìgò méjì pọ̀, wọn a bu àwọ̀ sí i tàbí kí wọ́n fi òdòdó gbígbẹ sí i, wọn a dà á sínú móòdù rọ́bà, wọn a sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá ti le, ó di aago ara ògiri, ohun ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́ tàbí ojú tábìlì tó ń dán bíi dígí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ tuntun pátápátá ni, àti pé ilé-iṣẹ́ ńlá ló bí i. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà. Oje igi ni résìn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀: omi tó ń jáde lára igi, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó sì ń le bí ó bá pẹ́. Dídà ní tirẹ̀ ni pé kí á mú ohun tó ń ṣàn, kí á dà á sínú àyè tó ní ìrísí, kí ó sì dì síbẹ̀. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ idẹ nílẹ̀ Yorùbá. Asúdẹ a fi ìda oyin mọ ère, a fi amọ̀ bò ó, a sì dá ihò sí i. Bó bá fi síná, ìda a yọ́ jáde, àyè rẹ̀ a ṣófo. Ibẹ̀ ni yóò da idẹ yíyọ́ sí. Nígbà tó bá tutù, a fọ́ amọ̀ náà dànù. Nítorí pé amọ̀ ti fọ́, ère kan ṣoṣo ni amọ̀ kan ń bí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹdan Ògbóni.

Ní òkè òkun, ọ̀nà mìíràn ni oje gbà. Leo Baekeland ni a ní lọ́kàn. Ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti bí i ní 1863, iṣẹ́ bàtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1889, ó ṣe irú bébà kan tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, ó sì tà á fún George Eastman, ẹni tó ni Kodak, ní 1899. Owó yẹn ló mú kó lè jókòó sílé rẹ̀ ní Yonkers, lẹ́bàá New York, tó sì sọ abà ẹ̀yìnkùlé di ibi ìwádìí.

Kí ló ń wá? Iná mànàmáná ń tàn kálẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì nílò ohun tí wọn yóò fi bo wáyà. Shellac ni wọ́n ń lò, oje tí kòkòrò kan ń ṣe sára igi ní Íńdíà, kò sì pọ̀ tó. Ní 1872, Adolf von Baeyer ní Jámánì ti rí i pé bí a bá po phenol mọ́ formaldehyde, ohun líle kan máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò tí kò ṣeé ha kúrò. (Formaldehyde yìí náà ló wà nínú fọ́málínì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì.) Baeyer kò rí ohun tó lè fi í ṣe. Ohun tó sú ẹni ìṣáájú yìí ni Baekeland ń fẹ́. Ó fi ooru àti agbára ìfúnpọ̀ darí rẹ̀ nínú ìkòkò irin, ó sì rí i mú ní 1907. Ní oṣù kejì 1909, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní New York. Bakelite ló pè é. Tẹlifóònù dúdú tó wúwo ti ayé àtijọ́, òun náà ni.

Ní 1927, ẹ̀tọ́ tí òfin fún Baekeland lórí àṣírí náà parí, àwọn mìíràn sì bọ́ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Catalin bẹ̀rẹ̀ sí í da irú oje yìí sínú móòdù òjé, wọ́n ń gbé e sínú ààrò fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì ń fi àwọ̀ oríṣiríṣi sí i. Ẹ̀gbà ọwọ́ àti rédíò aláwọ̀ mèremère ti nǹkan bí 1930 sí 1940 ti ibẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni Pierre Castan ní Swítsàlandì, tó ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣe eyín àtọwọ́dá, rí epoxy. Ilé-iṣẹ́ Ciba gbé e jáde ní 1946 gẹ́gẹ́ bí gọ́ọ̀mù Araldite. Ẹni tó bá ti po Araldite inú túùbù méjì rí láti fi lẹ nǹkan tó fọ́ ti bá ẹbí résìn òde òní pàdé. Òun náà ló fà á tí ẹni tó ń dà á fi gbọ́dọ̀ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa: bí àwọn méjèèjì ṣe ń pàdé, ooru ń jáde, bó bá sì pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ó lè rú èéfín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kàn wá wà níbí. Ilé ni iṣẹ́ asúdẹ wà, ilé ni ti Baekeland náà wà. Ṣùgbọ́n Baekeland kọ tirẹ̀ sílẹ̀: ó ní ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Kò sẹ́ni tó lè ní òun kọ́ ló ṣe é. Àwọn tó da orí idẹ Ifẹ̀ kò fi ìwé sílẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius dé Ifẹ̀ ní 1910, ó ní iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò lè ti ọwọ́ Yorùbá jáde, ó sì lọ fà á mọ́ Atlantis àti àwọn Gíríìkì. Kì í ṣe àìkọ̀wé nìkan ló fà á. Ojú tí wọ́n fi ń wo aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀. Síbẹ̀, àìsí àkọsílẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní 1938, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orí idẹ mìíràn ti yọ síta. Ilẹ̀ ló jẹ́rìí fún wa.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Résìn láṣọ lónìí. Idẹ ló ní àkísà. Ṣùgbọ́n àkísà náà ń jẹrà. Àwọn asúdẹ ní orúkọ fún irú amọ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ihò tí idẹ ń gbà wọlé, fún àkókò tí iná tó. Mélòó nínú wọn ló wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí a ń lò ní kíláàsì? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń da résìn pàápàá ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tiwọn. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá nìyí. Ẹni tó bá ní asúdẹ ládùúgbò rẹ̀, kó mú fóònù lọ, kó béèrè lọ́wọ́ bàbá náà kí ló ń pe nǹkan wọ̀nyí, kó sì gbà á sílẹ̀ bí bàbá bá fọwọ́ sí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ ránṣẹ́ sí wa. Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwa jọ.