Ìbaaka Inú Oko Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Inú máa ń bí mi bí mo bá rí i nínú ìwé pé wọ́n pe ohun ọ̀gbìn tí ẹ̀yà méjì bí ní àdàlù. Ta ni kò mọ àdàlù n'Íbàdàn? Ẹni tó bá rà á jẹ ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba á rí àgbàdo lọ́tọ̀, á rí ẹ̀wà lọ́tọ̀. Bó ti wù kó jinná tó, ó ṣeé ṣà. Àgbagbà kò ṣeé ṣà. Ẹ̀yà ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó méjì láti Éṣíà, Musa acuminata àti Musa balbisiana, ló para pọ̀ bí i. Àmúlùmálà táwọn mìíràn ń pè é tiẹ̀ burú jù, nítorí ohun tí kò lórí tí kò nídìí là ń pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn kò ní wàhálà. Ẹ̀yà ni ẹ̀yà. Ìyẹ̀fun òdòdó yé ọmọdé. Kírómósómù kó máa jẹ́ kírómósómù, bí a ṣe gba búrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Orúkọ ọmọ tí ẹ̀yà méjì bí ló tó jà fún, a sì ti ní in tipẹ́: ìbaaka. Nínú Bíbélì Yorùbá, ìbaaka Dáfídì ọba ni wọ́n gbé Sólómọ́nì gùn lọ sí Gíhónì. Ẹṣin ni ìyá ìbaaka, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ẹṣin, kì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kì í sì í bímọ. Àgbagbà náà nìyẹn! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kún fún hóró líle. Àgbagbà ní tirẹ̀ gba ìdì kírómósómù méjì lọ́dọ̀ acuminata, ó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ balbisiana, 11 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ìdì mẹ́ta kò ṣeé pín dọ́gba sí méjì, ló fi ṣòro fún hóró láti gbó.

Wọ́n á ní, ọmọ tó yí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká ńkọ́? Ọmọ yẹn kò ní bàbá. Ìyá rẹ̀ gan-an ló tún ara rẹ̀ hù. Ọmọ tó ní bàbá ló ṣòro fún àgbagbà. Nígbà tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà n'Íbàdàn láti 1967, ń wá àgbagbà tí àrùn sigatoka dúdú kò ní lè jẹ léwé run, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ igbó kan, Calcutta 4, sára òdòdó àgbagbà nínú oko wọn ní Onne, nítòsí Port Harcourt. Hóró táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń rí.

Ọsàn mímu yàtọ̀. Ẹ̀yà ọsàn méjì, pomelo àti mandarin, ló wà nínú ìran rẹ̀, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ ń hù. Ọmọ ẹ̀yà méjì ni kí á máa pe ìyẹn, kí á fi ìbaaka sílẹ̀ fún èyí tó yàgàn.