Ìlẹ̀kẹ̀ Átọ́ọ̀mù: Láti Cocody dé Ayé Kùáńtọ́ọ̀mù

Láti ọdún 1964 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Abidjan sílẹ̀ ní àdúgbò Cocody, ìmọ̀ físíìsì ti yí padà gan-an lágbàáyé. Lọ́dún 1979, àwọn onímọ̀ físíìsì Su, Schrieffer àti Heeger fi hàn pé, nínú átọ́ọ̀mù tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn, ìbádọ́gba máa ń fọ́ bí ìdè kan bá le tí èkejì sì dẹ̀, tí ẹlẹ́kítíróọ̀nù fi lè fìdí kalẹ̀ sí ibi tí ìtò ìdè náà ti yí padà. Lọ́dún 1996, Hatano àti Nelson gbé ètò tí kò tẹ̀ lé òfin Hermite, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, yẹ̀ wò, níbi tí ìrìn pátíkù sápá kan ti rọrùn ju èkejì lọ. Lọ́dún 2018, Yao àti Wang ṣàlàyé bí gbogbo ipò kùáńtọ́ọ̀mù irú okùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣù jọ sí etí kan. Ó tọ́ kí ọmọ Yorùbá Abidjan rí ìtàn yìí kà ní èdè abínibí rẹ̀.